Èéfín Tí A Ń Bá Sùn

  Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ní Zone franche, ìyẹn agbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ní Lomé, tí ẹ gbé fóònù sétí, tí ẹ ń dúró de ọlọ́kadà tí yóò gbé yín lọ sí Akodessewa, Bè-Kpota, Adakpamé tàbí Baguida, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa ní ọjà Assigamé, ẹ̀yin ará Anagokomé, àti ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ tí ẹ wá láti Atakpamé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí rédíò yín kúrò, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú nínú yàrá wa ni.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ lápá ibí yìí, èbúté àti àwọn ilé-iṣẹ́ ni ọwọ́ gbogbo wa máa ń nà sí. Kì í ṣe pé a purọ́ mọ́ wọn. Láti ọdún 1989 tí ìjọba Tógò ti ṣe òfin tó dá Zone franche sílẹ̀, oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ló ti pé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tí wọ́n ṣí ní 1968. Ọkọ̀ àjàgbé ń wọlé, òmíràn ń jáde, wọ́n ń kó ẹrù lọ sí Burkina Faso, Mali àti Niger. Ilé-iṣẹ́ tó ń lọ sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, èyí tó ń pèsè iná mànàmáná wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tiwa sì rèé, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ohun tó bá rú ní èbúté, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ní Adakpamé àti Baguida ló ń forí lé. Ẹni tó bá ní kí àwọn oníléeṣẹ́ máa wọn èéfín tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n sì máa sọ iye rẹ̀ fún aráàlú, òótọ́ ló sọ, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá.

Àmọ́, ẹ jẹ́ ká ka wákàtí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, tó lo wákàtí kan tàbí méjì lójú ọ̀nà, ibo ló ti ń lo èyí tó kù? Nínú yàrá ni. Ọmọ ọwọ́ tó fi sílẹ̀ ńkọ́? Ìyá àgbà tó ń bá a tọ́mọ ńkọ́? Àwọn yẹn lè má jáde kọjá àgbàlá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ sì mọ irú yàrá tí mò ń sọ: ẹnu-ọ̀nà kan, fèrèsé kan, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, àpò ìrẹsì àti ìkòkò nígun, èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún sì ń sùn síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wa jù.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń sọ ọ́ lásán, ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà gbé ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta wá sí Lomé yìí. Láti ibí ni wọ́n ti ń gbéra lọ wọn ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa. DACCIWA ni orúkọ iṣẹ́ náà. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Kumasi ní Gánà, sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, àti sí Ilé-Ifẹ̀, ìlú àwọn baba wa. Wọ́n rí i pé atẹ́gùn òkun tí a rò pé ó mọ́ pàápàá ń gbé èéfín igbó tí wọ́n ń sun ní àárín gbùngbùn Áfíríkà wá bá wa ní àsìkò òjò. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbún mi níkùn jù ni Abidjan. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ lẹ́bàá títì tí mọ́tò ti ń há, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́bàá ààtàn ńlá, wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní Yopougon, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi igi dáná, tí wọ́n ń yan ẹja. Eruku kíkúnná tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ní ibi tí wọ́n ti ń dáná yìí ju ti títì lọ ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́rin. Ó ju ti ààtàn lọ bákan náà. Iná tí a fi ń se oúnjẹ ọmọ wa ló borí mọ́tò, tó borí ààtàn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìdí àdògán ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe ń dáná èédú? Ọ̀pọ̀ wa, ọ̀rá omi tí a ti mu tán la fi ń dá a. A ó ká ọ̀rá náà lọ́wọ́, a ó ṣáná sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á máa kán tó, tó, sáàárín èédú, iná aláwọ̀ búlúù á máa jó lábẹ́, èéfín dúdú tó ń ta ní imú á máa bọ́ sókè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn wa, imú rẹ̀ kò jìnnà sí i ju igbọ̀nwọ́ kan lọ. Ọ̀rá tó ń jóná kì í ṣe èéfín igi, májèlé ni. Nígbà tí àwọn ìyá wa ń dáná, ihá ni wọ́n ń lò, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo pupa tán. Ihá ṣì wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Ìṣẹ́pẹ́ igi gbígbẹ náà tó. Kí ẹ sì rí i pé èédú yín gbẹ, nítorí èédú tó mu òjò ló ń rú èéfín jù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dá a, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn.

Ó wá ku ewu tí kò ṣeé fojú rí. Ẹ ro alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan dé láti ibi iṣẹ́, ó se oúnjẹ tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èédú ṣì pọ́n nínú àdògán, ó sì rò ó pé kò yẹ kí iná dáadáa yìí ṣòfò sínú òjò. Ó wo èédú náà, ó rí i pé kò rú èéfín mọ́, ó gbé e wọlé kí yàrá lè móoru, kí aṣọ tó tutù lè gbẹ. Ó ti fèrèsé. Ó sùn. Ẹ̀yin ará mi, èédú tó ti pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín mọ́, òun gan-an ló ń pa èèyàn nínú yàrá títì. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní kábọ̀n mónóksáìdì, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í fún ni ní ikọ́. Ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ wa máa ń gbé káàkiri ara ni yóò lé kúrò lórí àga rẹ̀, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á rò pé ibà ló dé. Bí ó bá sùn lọ báyẹn, ó lè má jí mọ́. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má dúró bi í ní ìbéèrè, ẹ má sì wá omi. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ẹ wọ́ ọ jáde sí gbangba, kí ẹ tó pe àwọn panápaná ní 118. Kí ẹ gbé e jáde ló ṣáájú ohunkóhun.

Ní ti gáàsì, mo mọ̀ pé owó ló ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ń ra èédú ní kékèké lójoojúmọ́ kò rí owó ńlá kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà láti ra sílíńdà kílò 6, ká má tíì sọ ti kílò 12.5. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn fún yín. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn dókítà láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Ọlọ́pàdé wà lára àwọn aṣáájú wọn, kó aláboyún 324 jọ, àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ̀tánọ́ọ̀lù, èyí tí kì í rú èéfín. Wọ́n ní kí àwọn tó kù máa bá ìdáná wọn lọ. Nígbà tí oyún pé oṣù, nínú 100 àwọn tó ń fi igi àti kẹrosíìnì dáná, bíi 6 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú 100 àwọn tó gba sítóòfù tuntun, bíi 2 péré ni. Irú obìnrin kan náà, ìlú kan náà, ọbẹ̀ kan náà. Iná nìkan ló yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún sì wà lára ohun tó ń pa ìyá àti ọmọ jù lọ ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, bí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta nínú agbo ilé kan bá lè dá àjọ láti ra sílíńdà, ẹ dá a. Ẹ máa gbé sílíńdà sí ìta tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń bà sí bí ó bá ń jò. Ẹ fi omi ọṣẹ pa rọ́bà rẹ̀ lára. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, afẹ́fẹ́ inú ilé tí ìdáná bà jẹ́ pa èèyàn mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé. Àwọn tó lé ní 237,000 nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Òtútù àyà ló ń gbé èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kejì, tí a ń fún un ní àgbo, ká tún yẹ àjà yàrá wò. Bí àjà bá dú lókè ibi tí a ti ń dáná, ohun tó mú àjà náà dú ló wà láyà ọmọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo fèrèsé. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní, kò gba owó. Ẹ ṣá ìṣáná kan, ẹ pa á, kí ẹ di í mú níwájú fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀, kí ẹ wo èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jáde lórí rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ sí inú ilé, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bí ó bá tẹ̀ sí ìta, ó ń jáde. Bí ó bá dúró ṣánṣán lọ sókè, afẹ́fẹ́ kò rìn nínú yàrá yín rárá. Ibi tí mo ti rí èyí tó pọ̀ jù ni àwọn yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí ògiri aládùúgbò sì dí lójú. Afẹ́fẹ́ kì í gba ojú ihò kan wọlé kó tún padà gba ibẹ̀ jáde dáadáa. Ó fẹ́ ibi tí yóò gbà wọlé, ó tún fẹ́ ibi tí yóò gbà jáde ní òdìkejì.

Ẹ̀bùn ńlá ni Ọlọ́run fún Lomé, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí wa lọ́sàn-án. Àwọn tó kọ́lé síbí láyé àtijọ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń fi búlọ́ọ̀kù oníhò, tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní claustra, sí òkè ògiri, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti gòkè rí ibi jáde. Ẹ wo àwọn ilé yẹn lónìí. A ti fi páálí dí ihò náà, a ti fi ọ̀rá dí i, àwọn mìíràn ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ pa. Wọ́n ní ẹ̀fọn ń gbà á wọlé, wọ́n ní olè lè na ọwọ́ gbà á. Òótọ́ ni ẹ̀fọn ń wọlé, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ló ń dí ẹ̀fọn, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹ yọ páálí náà, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ sì máa fọ nẹ́ẹ̀tì náà, nítorí èyí tí eruku ti dí pa kò yàtọ̀ sí ògiri.

Níbi tí ẹ̀fọn ti dé yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ kọ́ìlì tí a ń tanná sí lálẹ́. Àwọn onímọ̀ wọn èéfín rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003: eruku kíkúnná tó ń jáde lára kọ́ìlì kan ṣoṣo tó jó tán tó ti sìgá 75 sí 137. Bàbá tí kò ní gbà láé kí àlejò mu sìgá níwájú ọmọ rẹ̀, òun náà ló ń gbé kọ́ìlì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tó sì ń ti ilẹ̀kùn. Kí la ó wá ṣe sí ẹ̀fọn? Orílẹ̀-èdè Tógò yìí wà lára àwọn tó fi ọ̀nà hàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn fún àwọn ìyá tó ní ọmọ kékeré jákèjádò orílẹ̀-èdè, pa pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ àrùn èéyi, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò tíì ṣe irú rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń pín àwọ̀n náà. Ẹ má fi ṣe ọgbà ẹ̀fọ́, ẹ má fi sá ẹja. Ẹ ta á sórí ibùsùn, kí ẹ gbé kọ́ìlì jù sí ìta.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ, èyí tó funfun roboto, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Òórùn rẹ̀ tí a ń pè ní òórùn ìmọ́tótó, oògùn ni, ó ń gba imú àti awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú ọkùnrin márùn-ún ló ní in, kò sì hàn lójú. Bí káńfọ̀ bá dé ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ara àti ẹyinjú rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá le, ó ń ba ọpọlọ jẹ́: ọmọ náà lè yè é, ṣùgbọ́n kó má lè gbọ́ràn, kó má lè jókòó fúnra rẹ̀. Gbogbo ìyẹn, nítorí ká má bàa jẹ́ kí aáyán wọ inú àpótí. Aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún àbúrò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn dáadáa ná.

Oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí yàrá, irú Sniper, èyí tí dichlorvos wà nínú rẹ̀, oògùn oko ni. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC ní Nàìjíríà ní kí wọ́n dẹ́kun títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà àti ilé ìtajà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e ti Èkó bọ̀ fún yín, ẹ má fọ́n ọn sí ibi tí èèyàn ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Zone, aṣọ iṣẹ́ yín ńkọ́? Àwọn ilé-iṣẹ́ irun àtọwọ́dá wà lára èyí tí a mọ̀ jù níbẹ̀, obìnrin sì ni púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ wọn. Eruku ibi iṣẹ́, irú yòówù kó jẹ́, ń bá aṣọ wálé. Ẹ bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbọ̀n ọ́n ní ìta, kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí ẹ bá sì ń dirun fún ara yín nílé lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ má fi ìṣáná sun orí irun náà nínú yàrá. Ike ni ọ̀pọ̀ irun yẹn, èéfín ike tó ń jóná sì ni ẹ ń fà. Omi gbígbóná ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá bo ìlú, ẹ ti fèrèsé ní wákàtí tó bá le jù, kí ẹ ṣí i nígbà tí ojú bá là díẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá yàrá, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀. Àwọn kan ń bi mí nípa òdòdó inú ìkòkò pé ṣé ó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ó dára lójú, ẹ gbìn ín, àmọ́ yàrá kan yóò fẹ́ ọgọ́rùn-ún ìkòkò àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé kan tó ṣí ń ṣe. Tùràrí náà, fún àwọn tó ń sun ún fún àdúrà, ẹ ṣí fèrèsé sí i.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń kọ́ yàrá háyà káàkiri Baguida àti Adakpamé nítorí àwọn òṣìṣẹ́ Zone, ẹ̀yin ni mo fi ẹ̀bẹ̀ mi sí lọ́rùn. Owó fèrèsé kejì kò tó owó oṣù mélòó kan tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ ayálégbé. Ẹ sọ fún bíríkìlà yín kó tó bo òkè ògiri, kó fi búlọ́ọ̀kù oníhò sí òdìkejì fèrèsé. Ẹ kọ́ ibi ìdáná tó ní òrùlé sí àgbàlá, kó má bàa di dandan kí ẹnikẹ́ni gbé èédú wọlé nígbà òjò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wá yàrá, kí ẹ tó san owó sílẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.